Ẹṣin Tí Ìyá Rẹ Kúnlẹ̀ Fún

Ọ̀sán ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, má fi òru bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé òru ló ń ba ni lẹ́rù nínú ilé wa lọ́dún yẹn. Irọ́ ni. Lóru, a máa ń sùn. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí òjìji bá ti sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, tí adìẹ ti lọ ba sábẹ́ àká, tí àwọn tó lọ oko ò tíì dé, tí inú agbo ilé wá dákẹ́ bí inú ìkòkò. Ìgbà yẹn ni wàá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: gbì, gbì, gbì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré. Á dákẹ́. Ìyá mi tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dáwọ́ ẹ̀gúsí tó ń ṣà dúró. Kò ní gbé orí sókè. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí ládánì tó pe ìrun àyìlà, kí ilé tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

O ní kí n sọ bí ìyá rẹ ṣe rí ní kékeré. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún kan yẹn ni màá sọ. Àwọn sọ́jà ló ń ṣèjọba, epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé ẹni tó bá ń ti Ọ̀rà bọ̀ ní Ìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ oko là ń ṣe, iṣu àti kókó, bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ilé wa náà ló ń tọ́jú ẹṣin fún Olóyè àdúgbò wa. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin kan ta á nípàá lápá òsì orí nígbà tó ṣì lágbára, etí òsì rẹ̀ sì di láti ọjọ́ náà. Nítorí náà, bí o bá kúnlẹ̀ kí Bàbá, kì í wò ọ́. Á yí ojú sí òsì, kí etí ọ̀tún tó ń gbọ́ràn lè kọjú sí ọ, á wá fi imú dáhùn, "Hin-ìn." Àlejò tí kò mọ̀ á rò pé ó ń gbéra ga. Kì í pe ẹnikẹ́ni bí ebi ọ̀sán bá ń pa á. Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ìyá á sì gbé oúnjẹ wá, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàsán." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gún un. Ìyá ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ, ó ní òun ń bọ̀, wọ́n sì ń bọ́rọ̀ lọ. Nígbà tó fi gbé oúnjẹ dé, tó kúnlẹ̀, ojú Bàbá ò yí síbì kankan mọ́. Èmi nìkan ló sọ èyí fún, ó sì ní kí n má sọ ọ́ síta. N kò sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí òun náà ti lọ tipẹ́.

Ọjọ́ tí a sin Bàbá, erùpẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí abo ẹṣin Olóyè bímọ lẹ́yìnkùlé. Akọ ni. Inú àdúrà làwọn àgbà wà níwájú ilé, wọ́n ń sọ pé kí Bàbá padà wá, kí ó wá yà nílé yìí, kí ó má yà nílé ẹlòmíì. Ìyá rẹ ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, Àbẹ̀kẹ́ là ń pè é nílé, ó sì dúró láàárín ilẹ̀kùn, etí kan níwájú, etí kan lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ka ọmọdé sí. Ìgbà tí ọmọ ẹṣin náà ti dàgbà díẹ̀ la tó rí ohun tó ti ń rò. Ìyá rẹ àgbà, ìyàwó mi, bá ọmọ náà lẹ́yìnkùlé níwájú ẹṣin, ọmọ kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjì gbé ìrèké tí ó ti gé wẹ́wẹ́, ó ní, "Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ jẹ ẹ́."

"Àbẹ̀kẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n padà wá yà nílé yìí. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dé. Ẹ ò rí wọn ni?"

Ìyá rẹ àgbà fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ó ní, "Ó dáa, ẹsẹ̀ méjì ò tó wọn mọ́, wọ́n fẹ́ mẹ́rin." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó yí i, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń jókòó láti ìgbà náà. A fi ọmọ sílẹ̀. Ohun tí a ṣe tí kò dáa nìyẹn. A ti kọ́ ọmọ pé èèyàn kì í nàró fún àgbà ní nǹkan, pé ọwọ́ méjì, eékún méjì, ló yẹ kó lò, inú wa sì dùn pé ó gbẹ̀kọ́. A ò ro ohun tí ẹṣin ń kọ́ níbẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ, ẹṣin náà ti lé lọ́mọ ọdún méjì, ó ń lọ sí mẹ́ta, Àbẹ̀kẹ́ ti pé mẹ́sàn-án. Ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákò gún ilẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹṣin tí ebi bá ń pa máa ń gbẹ́lẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti rí i lára ogún ẹṣin. Ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó ń kà á rí. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í buni jẹ. Ìyá rẹ àgbà ló kọ́kọ́ bà. Ó kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó ń fẹ́ná, ẹṣin já okùn, ó wá láti ẹ̀yìn, ó fi imú tì í, ó tún tì í, kó tó bojú wẹ̀yìn, ẹṣin ti fi eyín wọ́ ìborùn lọ́rùn rẹ̀. Ó pariwo, "Ẹ wá o, bàbá yín fẹ́ bọ́ mi láṣọ!" A ṣì rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Lẹ́yìn èyí, ìyàwó ilé kejì wá kí Ìyá, bí eékún rẹ̀ ṣe kanlẹ̀, ẹṣin gé e ní apá. Ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí mi, ẹṣin fi imú tú ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan nínú koríko, ó sì gé e jẹ. Ẹni tó bá nàró, kì í fẹnu kàn án. Ẹni tó bá tẹrí ba nìkan ló ń bá jà. Ọ̀rọ̀ bá jáde síta. Wọ́n ní ẹṣin kan wà nílé wa tó ń gba ìkíni tí wọn ò kí i.

Bí ilé wa ṣe di ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ sí nìyẹn. O ò lè mọ bí ó ṣe rí. Ní Ìlá, kí ọmọ nàró gbagidi kí àgbà! Àwọn ìyàwó á dúró sẹ́yìn ògiri, wọ́n á gbé ohùn kọjá orí rẹ̀ pé, "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o," wọ́n á sì máa lọ kíákíá, bí ẹni tó wá túfọ̀. Àwọn ọmọ ilé ń wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó kí mi. Ilé wa wá dà bí ilé tí kò sí àgbà níbẹ̀. Bí mo bá ti oko dé, tí ìkíni òòró yẹn bá pàdé mi, ara mi á bù máṣọ, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo kú tí wọn ò tíì sọ fún mi.

Olóyè fúnra rẹ̀ wá. Ọdún ìlú ti ń bọ̀, àwọn ọmọ Ìlá tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn ń bọ̀ wálé, ó sì fẹ́ kí wọ́n di gàárì fún ẹṣin náà kí ó ṣáájú òun lọ sí ààfin, láìsí ẹni tó gùn ún, kí ojú rẹ̀ lè mọ ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ kékeré bá a wá. Obìnrin náà rí Ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni tó gbẹ̀kọ́, ó kúnlẹ̀. N kò tètè dé ibẹ̀. Ẹṣin fi eyín mú un léjìká, ẹ̀jẹ̀ yọ lára búláòsì funfun.

Olóyè ò pariwo. Ó ní, "Bàbá rẹ ò tọ́ ẹṣin báyìí fún bàbá mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rántí, mo sáré dìde. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Kábíyèsí... Olóyè, ẹ má bínú." Àní ẹnu mi ò mọ ohun tó ń sọ mọ́.

"Ọjọ́ ọdún, gbogbo obìnrin àdúgbò yìí ni yóò kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà mi. Bí ó bá bu ẹyọ ẹnì kan jẹ, àwọn alápatà ni màá fà á fún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ìyá rẹ gbọ́ náà. Ó sáré wọ yàrá. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún Ìyá pé, "Wọ́n fẹ́ pa Bàbá."

Mo kọ́kọ́ na ẹṣin. Mo sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú, nítorí Bàbá ò na ẹṣin rí. Mo na án, ó sì tún burú sí i. Tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ fi imú ti èèyàn kí ó tó gé e, ní báyìí ó ń gé e kí ó tó tì í, kí ẹgba má baà bá a. Bí mo ṣe gbé ẹgba sókè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn Ìyá mi wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ta lò ń nà yẹn?" Ẹgba bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mi ò lọ sóko. Mo jókòó sẹ́yìn àká, mo ń wò. Ọ̀sán pọ́n. Gbì, gbì, gbì. Aago ìsinmi iléèwé ti lù, mo rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń sáré bọ̀ nínú aṣọ iléèwé, ìrèké nínú àpò. Kò tíì débẹ̀ tán tó ti kúnlẹ̀. Ẹṣin fi imú gún un láyà, ó tì í, ó fi ètè tú àpò rẹ̀, ọmọ ń sáré kó ìrèké sí i lẹ́nu kí ó lè fi í sílẹ̀. Bí ẹṣin bá ti tì í, ó fún un. Bí ó bá tún tì í gan-an, ó tún fún un sí i. Mo wá rántí ohun tí Bàbá máa ń sọ: "Ẹṣin kì í gbọ́ ohun tí o sọ. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ ló ń gbọ́." Ọdún méjì gbáko ni ọmọ mi ti ń fi ìrèké sọ fún ẹṣin pé, ẹni tó bá kúnlẹ̀, oúnjẹ wà lára rẹ̀, tì í kó lè yọ ọ́.

Mo gbé ọmọ dìde. Àpá kékeré tó wà ní egungun ọrùn ìyá rẹ, tó ń sọ pé igi ló ya òun, igi kọ́. Mo tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, mo rí i: ojú eyín, èyí tó ti san, èyí tó dúdú, èyí tó ṣì tutù.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Wọ́n ń bá mi wí ni."

"Ta ló ń bá ọ wí?"

"Bàbá. Wọ́n ní mo pẹ́."

Mo gbọ́ tí nǹkan dànù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ ẹ̀gúsí Ìyá mi ni. Èmi ò sọ ti ọjọ́ ikú Bàbá fún ọmọ yẹn rí, Ìyá náà ò sọ fún un. Mo di bọ́tìnnì rẹ̀ padà.

Bí a ṣe tún un kọ́ rèé. Mo so ọparun méjì ní ìdábùú mọ́ ẹnu ilé ẹṣin, kó má lè kọjá. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ síta, níbi tí eyín rẹ̀ ò lè dé, kó tẹ́ ọwọ́ òfìfo sórí itan. Kò sí ìrèké lápò rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú igbá ló wà, lẹ́yìn mi. Mo gbé igbá òfìfo kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún ẹṣin, nínú lọ́hùn-ún. Mo ní, "Má wò ó. Má sọ̀rọ̀. Má pè é ní nǹkan kan." Ẹṣin na ọrùn. Ó fi imú ta ọparun, ó gé e jẹ, ó gún ilẹ̀, ó fọn imú mọ́ ọmọ lórí títí irun rẹ̀ fi tutù. A ò fún un ní nǹkan kan. Ó pẹ́, òógùn bò mí. Nígbà tó sú u, ó gbé ojú kúrò lára ọmọ, ó wo apá ọ̀tún, bóyá eṣinṣin ló wò. Kíá, mo fi ahọ́n ta, tà!, mo sọ ìrèké kan sínú igbá ọ̀tún. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọparun. A tún dúró. Ó tún wo ọ̀tún. Tà! Ìrèké. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ní ọ̀sán, títí ó fi mọ̀ pé kò sí ohun tí títì ń yọ, ojú tó bá yí sí ọ̀tún ló ń yọ ọ́. Lọ́jọ́ kìíní tí mo ta ahọ́n, Ìyá mi pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kì í ṣe ohùn rẹ."

Òótọ́ ni. Bí Bàbá ṣe máa ń ta á ni mo ta á. N kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti yọ ọparun kan, Àbẹ̀kẹ́ ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí ẹṣin ń kan ojú rẹ̀, ló bá di ọjọ́ kan tí ẹṣin tún fi imú gbá a, tó yọ eyín. Mo fà á sẹ́yìn. Mo wo ìyá rẹ àgbà, ó ń wo ilẹ̀.

"Kí lo fún un?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ó fi imú tì mí lọ́wọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí."

"Ẹyọ kan yẹn ló gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á nítorí ìrèké kan." Ìyá rẹ àgbà bú sẹ́kún. A dá ọparun padà, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún fi ọwọ́ fún un ní nǹkan. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, mo yọ ọparun méjèèjì. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ kí èmi kúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ló mọ̀." Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ imú rẹ̀ gan-an. Ẹṣin wò ó, etí rẹ̀ yí síwájú, ó wá yí ojú rọra sí ọ̀tún, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ń yí ojú báyẹn fún ẹni tó kúnlẹ̀ rí, mo sì wò ó dáadáa, mo sọ fún ara mi pé, rárá, òsì ni ti Bàbá. Ọ̀tún ni mo kọ́ èyí. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Ọjọ́ ọdún, wọ́n pé síwájú ilé wa. Wọ́n di gàárì fún un, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó, Olóyè dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú agbádá. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹlòmíì ti di èjìká mú kó tó kanlẹ̀. Ẹṣin yí ojú sí ọ̀tún. Ọ̀tún. Ọ̀tún. Àwọn ará Èkó pàtẹ́wọ́. Òòrùn ti wà lórí gangan nígbà náà. Bí a ṣe fẹ́ gbéra, ẹṣin dúró gbọn-in, kò lọ mọ́, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Gbì, gbì, gbì.

Mo gbọ́ àpótí ìjókòó tó ń ha ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi jáde. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, kò dojú kọ ẹṣin yẹn rí. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń kúnlẹ̀ fún. Ó ń bọ̀ tààrà, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo. Olóyè pariwo, "Ìyá, ẹ má kúnlẹ̀ o!" Mo di ìjánu mú, mo mọ̀ pé bí eyín yẹn bá kan ara àgbàlagbà yìí, ó ti parí. Ìyá di apá mi mú, ó fi mí ṣe ọ̀pá, ó kúnlẹ̀, eékún kan, eékún kejì. Ó ní:

"Ẹ káàsán. Mo pẹ́."

Ẹṣin wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí òsì. Òsì tí mi ò gbé igbá sí rí. Etí ọ̀tún rẹ̀ wá kọjú sí Ìyá, ó dúró ṣinṣin, ó fi imú mí jáde, lẹ́ẹ̀kan, hin-ìn.

Ìyá ní, "Ó tó." Ó nawọ́ sí mi kí n gbé òun dìde. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mà gbọ́n o! O kọ́ ọ dáadáa." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo ní ìrèké lápò ẹ̀yìn, mi ò lè fún un. Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pẹ́ kí n tó mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gún ilẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Ìyá yí àpótí rẹ̀ padà, àwọn ìyàwó tún ń wọlé wá kúnlẹ̀. Ẹṣin náà gbé Olóyè fún ọdún púpọ̀, ó sì kú nílé wa, alápatà ò rí i.

Etí òsì tèmi náà ti ń di báyìí. Ìdí nìyẹn tí o fi ń jókòó sí ọ̀tún mi láti kọ èyí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá rẹ ti Ìbàdàn dé lọ́sàn-án, ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá." Mo yí ojú sí òsì kí n lè gbọ́ ọ. Mi ò ro nǹkan kan. Kò dìde. Ó wo ojú mi pẹ́, lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ ọ̀bẹ. Ó jáde, ó tún kúnlẹ̀, ó fi ẹyọ ìrèké kan, tó gé wẹ́, sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo jẹ ẹ́.